Wọ́n ní misdemeanour ni, pé ọ̀ràn kékeré ni. Báwo ló ṣe kéré tó?

Ìyá kan láti Òṣogbo kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 23, ń kọ́ iṣẹ́ rẹwáyà ní ọgbà mẹkáníìkì. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan jà níbẹ̀. Ọmọ mi gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, gíláàsì iwájú ọkọ̀ oníbàárà kan sì fọ́ nínú ìjà náà. Ọlọ́pàá gbé e lọ sí kóòtù Májísíréètì pẹ̀lú ẹ̀sùn mẹ́ta: pé ó lu èèyàn, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá jẹ́, pé ó hùwà tó lè da àlàáfíà rú. A ti gba béèlì rẹ̀, wọn ò tíì ka ẹ̀sùn náà sí i létí. Ọlọ́pàá tó wà nídìí ẹjọ́ náà ní misdemeanour ni gbogbo rẹ̀, ọ̀ràn kékeré, pé kí ọmọ náà ṣáà sọ pé òun jẹ̀bi, kí á san owó ìtanràn, kí á máa lọ sílé. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀wọ̀n misdemeanour kì í kọjá ọdún kan. Aládùúgbò wa ní kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn rárá, pé bíi kí èèyàn jẹ gbèsè ló rí. Iṣẹ́ ìjọba ni ọmọ yìí ń wá o. Kí gan-an ni misdemeanour? Bí ó bá ní òun jẹ̀bi, ṣé ọmọ mi ti di ọ̀daràn nìyẹn?”

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú ìdúró ti ọmọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní àwọn kóòtù Májísíréètì ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ “misdemeanour lásán ni” yìí ò sì tíì kúrò létí mi láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó gbà á gbọ́ tó sì jẹ̀yà rẹ̀. Nítorí náà, kí n tó máa tú u palẹ̀: ẹ má tíì jẹ́ kí ọmọ yẹn sọ fún kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ẹ kà mí dé òpin ná. Àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn kò gbèrò ibi sí yín. Ọlọ́pàá yẹn gbá ẹ̀gbẹ́ òtítọ́ kan mú, àbúrò yín ń sọ òfin ilẹ̀ ibòmíràn, aládùúgbò yín ló ṣìnà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Abala 3 nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà, pín ọ̀ràn sí ọ̀nà mẹ́ta. Felony ló wà lókè: ọ̀ràn tí òfin bá sọ lórúkọ pé felony ni, tàbí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sókè. Misdemeanour ló tẹ̀ lé e: èyí tí òfin bá sọ lórúkọ pé misdemeanour ni, tàbí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù 6, tí kò sì tó ọdún 3. Gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní simple offence. Ẹ rí i pé kì í ṣe misdemeanour ló wà nísàlẹ̀ pátá. Àárín ló wà. Àwọn ògbufọ̀ kóòtù máa ń pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, inú mi kì í sì í dùn sí i, nítorí nínú èdè wa ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún tí a ó sì dárí rẹ̀ jini, ọ̀ràn ni ohun tí ìlú ń dá sẹ̀ríà fún. Ọ̀ràn ni misdemeanour. Bí wọ́n bá ní kí n fi Yorùbá pè é, ọ̀ràn àárín ni màá pè é, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lè mọ̀ pé nǹkan mìíràn ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti pé èèyàn lè torí rẹ̀ lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n.

Ohun tó bí orúkọ náà kò ràn wá lọ́wọ́. Demeanour lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìhùwàsí. Mis tí wọ́n so mọ́ ọn níwájú sọ ọ́ di ìwà tí kò tọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé àfojúdi lásán ni. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, felony ni ọ̀ràn tí ń mú kí ẹni tó dá a pàdánù ilẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì máa ń bá a lọ nígbà púpọ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀tẹ̀ sí ọba, gbogbo ọ̀ràn tí ìyà ilẹ̀-gbígbà yìí kò kàn ni wọ́n kó sábẹ́ misdemeanour. Ìdí nìyẹn tí irọ́ pípa lábẹ́ ìbúra fi wà níbẹ̀, tí oríṣi jìbìtì kan náà sì wà níbẹ̀, kò sì sí adájọ́ kan tó ka irọ́ inú kóòtù sí ọ̀ràn yẹpẹrẹ. Ní 1870 wọ́n fòpin sí gbígba dúkìá ọ̀daràn, ní 1967 wọ́n sì ṣe òfin tó pa ìyàtọ̀ felony àti misdemeanour rẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Àwa ṣì wà lórí rẹ̀. Òfin tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní Australia, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1899, ni ìjọba amúnisìn wò kọ Criminal Code fún Àríwá Nàìjíríà ní 1904, wọ́n sì nà án dé gbogbo ilẹ̀ yìí ní 1916. Àríwá ti fi í sílẹ̀ láti 1960, Penal Code, òfin ọ̀daràn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò pín ọ̀ràn sí felony àti misdemeanour. Nítorí náà, bí ìjà kan náà bá ṣẹlẹ̀ ní Kano, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ tó ń dà yín lọ́kàn rú yìí rárá.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín wá yé wa níbí. Òótọ́ ló sọ fún Amẹ́ríkà. Nínú òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, ọ̀ràn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè kọjá ọdún kan ni felony. Ọdún kan sísàlẹ̀ ni misdemeanour, wọ́n sì tún pín òun náà sí ìpele A, B àti C, títí a ó fi kan èyí tí kò kọjá ọjọ́ 5, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ infraction. Púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ wọn ń tẹ̀ lé ààlà ọdún kan yìí. Ààlà náà sì lágbára níbẹ̀ débi pé ní 2019, New York dín òpin ẹ̀wọ̀n misdemeanour rẹ̀ kù láti ọdún kan sí ọjọ́ 364. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n yọ, kí ọjọ́ kan yẹn má baà jẹ́ ohun tí wọ́n máa fi lé àlejò kúrò nílùú, nítorí ọdún kan ni òfin wíwọ̀lú wọn ń wò. California ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ìwé òfin wọn tí wọ́n kọ ní 1787 kúkú lo ọ̀rọ̀ misdemeanors fún ohun tí wọ́n lè fi yọ ààrẹ nípò, ẹ ò rí i pé kò fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ọmọ yín ti ń jẹ́jọ́. Níbí, misdemeanour lè dé ọdún méjì, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òfin lè fúnra rẹ̀ pe nǹkan ní misdemeanour láìwo iye ọdún. Abala 59 nínú Criminal Code, tó dá lórí títan irọ́ tó lè da jìnnìjìnnì bo ará ìlú ká, pe ọ̀ràn náà ní misdemeanour, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí i.

Kí n tó kúrò lórí ìtumọ̀, ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nígbà gbogbo tí mo bá sọ ọ́. Iye owó ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù kọ́ ló ń sọ ọ̀ràn di felony tàbí misdemeanour. Ìgbà kan wà tí mo dúró fún ọmọkùnrin kan tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná ní ilé àjùmọ̀gbé, tòun ti ọbẹ̀ inú rẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò náà wá sí kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó ti dúdú nídìí, ìdérí rẹ̀ ò bá a mu, wọ́n fi bébà so nọ́ńbà mọ́ ọn létí. Felony ni ẹ̀sùn rẹ̀, nítorí abala 390 sọ pé olè jíjà felony ni, ọdún 3 ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bí òfin kò bá dárúkọ ìyà mìíràn fún ohun tí wọ́n jí. Gíláàsì ọkọ̀ tí wọ́n ní ọmọ yín fọ́, bí a bá tà á, a ó ra ogún irú ìkòkò yẹn. Misdemeanour sì ni. Nítorí náà, ẹ má fi ojú ọjà wọn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó máa ṣì í wọ̀n.

Ó wá kan aládùúgbò yín. Gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹni tó yá owó àti ẹni tó yá a lówó. Bí ẹni tó ni owó bá ní òun fi í sílẹ̀, ó parí. Ọlọ́pàá kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ti èèyàn mọ́lé torí gbèsè: òfin ìṣètò ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí wọ́n ń pè ní ACJA, sọ bẹ́ẹ̀ kedere ní abala 8. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí ìwé ẹ̀sùn ọmọ yín. Ẹ ò ní rí orúkọ ẹni tí wọ́n lù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pe ẹjọ́. Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá lẹ máa rí níbẹ̀. Ìjọba ló ń bá ọmọ yín ṣẹjọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Bó bá ti ẹ̀ dárí ji ọmọ yín lónìí, kóòtù ló máa sọ bóyá ẹjọ́ parí. Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ti kan òótọ́ ni ti gíláàsì: ẹni tó ni ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ bèèrè owó gíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀, ìyẹn sì dà bíi gbèsè lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ ṣe kọ wọ́n. Lílu èèyàn lásán, láìdá ọgbẹ́ sí i lára, abala 351 ni, misdemeanour ni, ọdún kan ni òpin ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí: bí wọ́n bá ní ẹ̀ṣẹ́ yẹn yọ eyín rẹ̀ tàbí ó fa ètè rẹ̀ ya, wọ́n lè sọ ẹ̀sùn náà di ti abala 355, lílu tó fa ìpalára, felony sì ni ìyẹn, ọdún 3. Mímọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá jẹ́, abala 451, misdemeanour, ọdún méjì. Ìwà tó lè da àlàáfíà rú wà lábẹ́ abala 249, simple offence ni, oṣù kan. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni misdemeanour bí ọlọ́pàá yẹn ṣe wí. Àwọn ọdún tí mo kà yìí, òpin ibi tí adájọ́ lè dé ni wọ́n. Ó lè fún un ní oṣù díẹ̀, ó sì lè fi owó ìtanràn rọ́pò ẹ̀wọ̀n. Nínú irú ìjà báyìí, tí ọmọ kò bá dáràn rí, owó ìtanràn ni mo máa ń rí jù lọ. Mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Ibí ni ọlọ́pàá yẹn ti gbá òtítọ́ mú.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀sùn kejì yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó gbé e ró ni mímọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹni méjì bá wọ ìyá ìjà, tí ọ̀kan ti èkejì, tí ìgúnpá rẹ̀ gba gíláàsì, ta ló mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ gíláàsì níbẹ̀? Abala 24 sọ pé èèyàn kò jẹ̀bi ọ̀ràn fún ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ẹ lè jẹ owó gíláàsì, kí ọmọ yín má sì jẹ̀bi ẹ̀sùn náà rárá. Bí ó bá wá dìde ní kóòtù tó ní “mo jẹ̀bi” sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀ràn kékeré ni, ó ti gbà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Báwo ni mo ṣe rí irú rẹ̀ tó fi ń dùn mí? Lọ́jọ́ kan, mo wà ní kóòtù fún ẹjọ́ tèmi, mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan wọlé, kò ní agbẹjọ́rò, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú nítorí wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ka ẹ̀sùn lílu èèyàn sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ yí i sí Yorùbá, ó bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ọmọ náà ní, “Mo jẹ̀bi, sà. Mo lù ú. Òun ló kọ́kọ́ fi sípánà lù mí lórí.” Ògbufọ̀ sọ fún adájọ́ pé ó ní òun jẹ̀bi. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, kò sọ ti sípánà. Mo dìde, mo tọrọ àyè gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò tó wà nínú kóòtù, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ó tún gbogbo ohun tó sọ sọ. Adájọ́ gbọ́ ti sípánà, ó fagi lé ohun tó ti kọ, ó kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi. Ìdí ni pé abala 286 gba ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù láìjẹ́ pé ó fa ìjà láyè láti fi agbára tó mọ níwọ̀n gba ara rẹ̀ sílẹ̀, abala 284 sì dáàbò bo ẹni tí wọ́n mú bínú lójijì títí tó fi lu ẹni tó mú un bínú, bí ó bá ṣe é lójú ẹsẹ̀, tí lílù náà kò sì kọjá bí ó ṣe yẹ. Nínú èdè wa, “mo jẹ̀bi” lè jẹ́ ìtẹríba lásán, bí ọmọ ṣe ń sọ ọ́ níwájú bàbá rẹ̀ kí ìbínú lè rọlẹ̀. Ní kóòtù, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó gbà pé gbogbo ohun tó para pọ̀ di ọ̀ràn náà lòun ṣe, àti pé òun kò ní àwíjàre kankan. Ẹ bi ọmọ yín léèrè lálẹ́ òní, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó jẹ́ẹ́: ta ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè?

Ìbéèrè yín tó le jù lọ nìyí: ṣé yóò di ọ̀daràn? Mi ò ní fi oyin sí i. Bí kóòtù bá dá a lẹ́bi misdemeanour, wọ́n ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn, àkọsílẹ̀ sì wà. Owó ìtanràn tí ẹ bá san kò pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Òfin òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ka dídá èèyàn lẹ́bi ní kóòtù ọ̀daràn mọ́ àwọn ìwà àìtọ́ tó wúwo. Ohun tó yọ sílẹ̀ kò ju ọ̀ràn wẹ́wẹ́ ti ìrìnnà ọkọ̀ àti ìmọ́tótó àti irú wọn, lílu èèyàn kò sì jọ ìyẹn. Fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà kò béèrè pé felony ni tàbí misdemeanour. Ohun tó béèrè ni bóyá wọ́n ti mú ẹni náà rí tàbí bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi rí fún ọ̀ràn yòówù, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti dárí rẹ̀ jì í. Ẹ rí i pé mímú tí ọlọ́pàá mú un pàápàá ti di ohun tó máa dáhùn, kò sì gbọ́dọ̀ purọ́ nípa rẹ̀. Ní apá kejì, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nígbà tó ń sọ ẹni tí kò lè du ipò ààrẹ, kò lo ọ̀rọ̀ felony tàbí misdemeanour níbẹ̀. Ìwà èrú àti jìbìtì ló dárúkọ, ó sì wo bóyá ọdún 10 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n dá ẹni náà lẹ́bi. Ìjà kì í ṣe ìwà èrú. Ẹni tó bá ń gba èèyàn síṣẹ́ tó sì ní làákàyè máa ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó jà nígbà èwe àti ọmọ tó jalè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fara balẹ̀ bi ni.

Ibi tí orúkọ náà ti ṣe yín láǹfààní ni ọ̀rọ̀ ìfẹnukò. Abala 127 ka gbígba owó tàbí ẹ̀bùn láti bo felony mọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn lọ́tọ̀. Felony nìkan ló dárúkọ. Ìfẹnukò lórí ìjà báyìí kì í ṣe ohun ìtìjú tàbí ohun ìkọ̀kọ̀, ọ̀pọ̀ adájọ́ Májísíréètì ló sì máa ń fúnra wọn rọ àwọn tó jà pé kí wọ́n lọ parí rẹ̀. Bákan náà, bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn wà pẹ̀lú ọmọ yín tí wọ́n jọ gbìmọ̀ ìjà náà, ìgbìmọ̀ láti ṣe misdemeanour, ọdún méjì ni lábẹ́ abala 517. Láti ṣe felony, ọdún 7 ni lábẹ́ abala 516.

Èmi, bí ó bá jẹ́ àbúrò mi, ìfẹnukò ni màá kọ́kọ́ gbìyànjú. Kí bàbá rẹ̀ tàbí àgbà kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ní ọgbà mẹkáníìkì yẹn lọ bá àwọn òbí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kí ẹ gba owó ìtọ́jú rẹ̀ rò, kí ẹ bá ẹni tó ni ọkọ̀ sọ ti gíláàsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé náà sọ pé nítorí àlàáfíà lẹ ṣe san án, pé kò túmọ̀ sí pé ọmọ gbà pé òun dá ọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, kí ọlọ́pàá tó ń rojọ́ sọ fún adájọ́ nínú kóòtù pé òun fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ “a ti parí ẹ̀” ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí adájọ́ kò bá kọ, kò tíì parí, ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí ṣì ń dúró dè yín, bí ọmọ kò bá sì wá, wọ́n lè pàṣẹ kí wọ́n mú un. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fa ẹjọ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó ní kí ó wá wí tẹnu rẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ ni, wọn ò tíì dá a láre, òfin sì lè gba ẹjọ́ náà láyè láti padà wá. N kì í sábà rí kí ó padà wá bí ìfẹnukò náà bá ti inú wá.

Bí wọ́n bá kọ̀ ìfẹnukò, tí ọmọ bá sì ní àwíjàre, kí ó jẹ́jọ́. Ó lè pẹ́. Ẹlẹ́rìí lè má wá, adájọ́ lè lọ sí ìpàdé, wọ́n á sún un, wọ́n á tún sún un, ọmọ á máa fi ọjọ́ iṣẹ́ jóná. Owó agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹbí kan ti sọ fún mi pé ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí àwọn san owó ìtanràn ju kí àwọn máa lọ máa bọ̀ fún ọdún kan, mi ò sì lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ yín ló bẹ̀rẹ̀ ìjà lóòótọ́, tí kò ní àwíjàre, kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀sùn lílù nìkan, kí ó má jẹ́wọ́ ti gíláàsì tí kò mọ̀ọ́mọ̀ fọ́, kí agbẹjọ́rò sì bá a tọrọ àánú: pé kò dáràn rí, pé ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ACJA tàbí irú rẹ̀ ti ìpínlẹ̀, adájọ́ lè fi iṣẹ́ ìlú rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ kò bá ju ọdún 3 lọ, bí kò bá sí lílo ohun ìjà nínú rẹ̀.

Ẹ ní ẹ ti gba béèlì, inú mi dùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn àárín yìí ti ń pa èèyàn. Mo ti rí ẹni tí òpin ẹ̀wọ̀n ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ọdún kan, tó sì ti ń sún mọ́ ọdún kan náà ní àhámọ́ nígbà tí wọn ò tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí kankan, torí pé kò rí oníduro. Abala 35 ìwé òfin 1999 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ti ẹni tó ń dúró de ìdájọ́ mọ́lé kọjá iye ẹ̀wọ̀n tó gùn jù lọ fún ọ̀ràn náà, ẹni tó sì wà nínú àhámọ́ kì í sábà mọ̀. Béèlì ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó lọ́wọ́ yín ní àgọ́ ọlọ́pàá lórí rẹ̀, kò sí òfin tó fún un láṣẹ.

N kò tíì fojú rí ìwé ẹ̀sùn náà, n kò sì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n lù. Criminal Code ìjọba àpapọ̀ ni mo fi ṣàlàyé. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àwọn mìíràn ti tún un kọ bí Èkó ṣe ṣe ní 2011, nọ́ńbà abala tàbí iye ọdún sì lè yàtọ̀ sí ohun tí mo kà. Kí agbẹjọ́rò kan fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé yẹn kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Bí kò bá sí owó, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní àwọn ìpínlẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹ mú ìwé ẹ̀sùn àti ìwé béèlì dání, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí ìjà náà ṣojú wọn sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì rántí.

Bí ọjọ́ náà bá pé tí agbẹjọ́rò kò tíì dé, kí ọmọ yín sọ fún adájọ́ pé òun fẹ́ kí wọ́n fún òun láyè láti wá agbẹjọ́rò. Kí ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà ní Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá dá múṣé, ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀, ìwé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì ka ẹ̀sùn sí i lọ́jọ́ náà, kí ó gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tán, kí ó sì dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: “Mi ò jẹ̀bi, sà.” Kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè, ọjọ́ tí wọ́n bá pè é sínú àpótí ẹlẹ́rìí ni yóò sọ ọ́.